Katakata Ọkọ Mi Tí A Kò Tún Ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n tú ohun tó wà nínú mi síta, nítorí bí mo bá tún gbé e mì lẹ́ẹ̀kan sí i, n kò mọ ohun tó máa fi mí ṣe. Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé tí mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ilé náà tóbi, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, páànù wà lórí rẹ̀, sìmẹ́ńtì wà nílẹ̀ rẹ̀, yàrá inú rẹ̀ sì pọ̀ ju èèyàn tó ń sùn síbẹ̀ lọ. Bí mo bá jí láàárọ̀, n kì í gbọ́ ohùn kankan àfi ti adìẹ. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ta ni mo fẹ́ rán níṣẹ́? Èmi tí wọ́n ń pè ní ìyáálé, ìyáálé ta ni mo jẹ́ nígbà tí ìyàwó ti lọ? Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi ti dé, ó ti jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ mi, kò sì múra àtilọ. Bí mo bá wá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ katakata ló fa gbogbo rẹ̀, irin lásán tí kò lẹ́mìí, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín o, kò burú. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti lọ́kọ. Àgbẹ̀ oníkòkó ni ọkọ mi, kì í ṣe irú àwọn tó ń fẹnu ṣoko. Abà rẹ̀ wà lọ́nà Orílẹ̀-Òwu, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tí kòkó sì ń so wìtìwìtì. Ìṣòro ibẹ̀ kò ju ọ̀nà lọ. Bí a bá ti ká kòkó tán, tí a fọ́ ọ, tí a sá a, orí ni a ó fi rù ú láti abà dé Àpòmù, níbi tí àwọn tó ń ra kòkó ti ń dúró pẹ̀lú òṣùwọ̀n wọn. Bí òjò bá ká wa mọ́ ọ̀nà, kòkó á rin, á bu, àwọn tó ń yẹ kòkó wò á gún àpò, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan jáde, wọ́n á ní kò dára tó. Nígbà tí Òyìnbó kan tó ń gé gẹdú nítòsí wa fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó ta àwọn ẹrù rẹ̀, ọkọ mi sì ra katakata tó fi ń wọ́ igi nínú igbó. Gbogbo àdúgbò ló jáde wá wò ó. Àwọn kan ní orí ọkọ mi ti dàrú, pé ta ni í fi owó kòkó ra ohun tí kò ṣe é gbé lọ sóde ìyàwó? Ọkọ mi ní kí káfíńtà kan ọkọ̀ pákó mọ́ ìdí rẹ̀, ó kó àpò kòkó sí i, ó wà á gba àárín ìlú kọjá lọ sí Àpòmù, yẹ̀yẹ́ sì tán lẹ́nu wọn. Láti ọjọ́ náà, àpò kòkó wa kò gun orí èèyàn mọ́. Àwọn ará abà tó yí wa ká pàápàá ń bẹ̀ wá kí a bá wọn gbé tiwọn.

Ọkọ mi kọ́ ló wá ìyàwó kejì fún ara rẹ̀ o. Èmi ni mo fẹ́ ẹ fún un. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, Délé ni orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ n kò rí oyún mọ́, iṣẹ́ sì pọ̀ lábà. Ọmọ Àpòmù kan ni mo rí lọ́jà, Àjọkẹ́, ìwà rẹ̀ wù mí, mo sọ fún ọkọ mi, mo sì tẹ̀ lé àwọn àgbà ilé lọ tọrọ rẹ̀. Òun náà bí ọkùnrin kan, Àlàbí, àbúrò Délé. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé orogún kì í rẹ́. A ń jà o, n kò ní purọ́ fún yín. A máa ń jà lórí ìgbálẹ̀, a máa ń jà lórí ẹni tó bu iyọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, Àjọkẹ́ á ti wá kúnlẹ̀ níwájú mi, á ní, "Ìyáálé mi, ẹ má bínú, ọbẹ̀ ti jinná." Ta ló lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀tá? Òun ló ń gbé omi gbígbóná síwájú mi nígbà ọyẹ́. Òun ló ń di irun mi. Ọkọ wa máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé àwa méjèèjì la fẹ́ ara wa, pé òun kàn ń bá wa san owó orí ni.

Nígbà tí ikú mú ọkọ wa, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́ rárá, wọ́n bi Àjọkẹ́ pé ta ni kí ó ṣú u lópó nínú ẹbí. Ó ní òun kò fẹ́ ẹnikẹ́ni, pé Ìyáálé òun tó òun í bá gbé. Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju bí mo ti sunkún ọkọ mi lọ. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló pín ogún. Ìdí-igi la fi ń pín in nílé wa, iye ìyá tó bímọ fún olóògbé ni iye ìdí. Délé ni ìdí tèmi, Àlàbí ni ìdí ti Àjọkẹ́. Wọ́n pín oko kòkó sí méjì, wọ́n gbin pèrègún sáàárín. Wọ́n pín yàrá. Ó wá ku katakata. Irin kì í ṣe iṣu tí a lè là sí méjì. Bàbá Àgbà ní kí ìdí kan máa lò ó láti ọjọ́ ọjà Àpòmù kan dé èkejì, kí ìdí kejì wá gbà á, kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀. Àlàbí ni yóò máa wà á fún ìdí méjèèjì, nítorí òun ni bàbá rẹ̀ kọ́. Délé kò sí nílé ní tirẹ̀, Ìbàdàn ló wà, ó ń ra kòkó fún àwọn oníṣòwò, ó ń wọ ṣòkòtò funfun.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àjọni ń ṣe. Nígbà tí ọkọ wa wà láàyè, òun fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú katakata. Á ki ọ̀pá irin tín-ín-rín bọ inú rẹ̀, á yọ ọ́, á wo ibi tí ọ́ìlì dé, kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún. Lẹ́yìn tó kú, ẹni méjì ló ni ín, kò wá sí ẹni tó ni ín. Epo tó ń jẹ lójoojúmọ́ kò ní wàhálà, ẹni tó bá lò ó á rà á. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kì í tán lójú ẹnì kan. Bí ó bá lọ sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́wọ́ wa, màá ní kí Àlàbí lọ sọ fún ìyá rẹ̀, ó ṣe tán, àwọn ló kù tó máa gbà á. Bí ó bá dé ọwọ́ wọn, Àjọkẹ́ á ní Ìyáálé òun kò ní ṣàìfi sí i, ṣebí àgbà ló ń ṣáájú? Àlàbí ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín àwa ìyá méjèèjì, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, a sì ń fún un lésì kan náà. Kò ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́, ohun tí àwa bá fún un ló ń ná. Nígbà tí kòkó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí abà kún fún àpò, katakata náà lọgun lójú ọ̀nà, ó tú èéfín dúdú, ó gbọ̀n, ó sì dúró. Àlàbí yí i títí, irin kò yí mọ́.

A ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì kan láti Gbọ̀ngán. Ó tú u palẹ̀ sórí ẹní àtijọ́, gbogbo ilé dúró yí i ká bí ẹni tó wá kí olókùú. Ó ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kù. Ó ní àìsí ọ́ìlì ló jẹ́ kí irin máa ha irin títí wọ́n fi gbóná tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. A bi í pé kí ni ṣíṣe? Ó họrí. "Ìyá, ó ṣe é tún ṣe o. Àwọn tinú ẹ̀ tó bà jẹ́, mo lè rí wọn n'Ìbàdàn, àmọ́ ó máa pẹ́, kòkó ọdún yìí lè tán kó tó dìde. Mi ò sì ní tàn yín, ẹ́ńjìnnì tó bá ti nọ́ọ̀kù rí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀. Ó lè bá yín dàgbà, ó sì lè tún dákẹ́. Tágbára yín bá ká òmíì, ẹ ra òmíì." Ó nu ọwọ́, ó gba owó ọ̀nà, ó lọ. Ó fi wá sílẹ̀ bí ó ṣe bá wa.

Délé ti Ìbàdàn dé, Bàbá Àgbà sì pè wá jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbá ilẹ̀ ọ̀rọ̀ náà mọ́, ó ní, "Ẹ gbọ́ dáadáa, kí ẹnì kan má sọ lọ́la pé òun ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún èyí ṣe, kó ṣẹ́ ku táyà nìkan lára ẹ̀, ti bàbá yín ni, ìdí méjèèjì ló ni ín. Àmọ́ tẹ́nì kan bá fowó ara ẹ̀ ra òmíì, tẹni tó rà á ni. A ò ní pè é lógún." Ṣé ẹ rí i? Òfin ilé wa nìyẹn, kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan. Wọ́n ń bi wá bóyá a ṣì fẹ́ ní ohun kan pọ̀.

Àjọkẹ́ kúnlẹ̀ sáàárín ọ̀ọ̀dẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Tí kòkó ọdún yìí bá máa kọjá lórí ẹ̀, ẹ jẹ́ ó kọjá, a ó forí rù ú bá a ṣe ń ṣe látijọ́. Gbogbo kòkó tó bá jáde ní ìdí tèmi, mi ò ní mú kọ́bọ̀ ńbẹ̀, kí wọ́n fi ra irin tí wọ́n bá ní kí wọ́n rà." Délé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Àlàbí, ta ní í da owó sínú kòtò? Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Màá ra tuntun. Ẹ jẹ́ ká fèyí sílẹ̀." Ojú gbogbo wọn yí sí mi. Èmi ni ìyá Délé, èmi sì ni ìyáálé ilé, Délé kò sì jẹ́ ṣe ohun tí mo bá kọ̀ níwájú ẹbí. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi. Mo sì la ẹnu ọ̀hún, mo ní, "Tẹni ni tẹni, àkísà ni ti ààtàn."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àjọkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde lórí orúnkún rẹ̀, ó padà lọ jókòó, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí ìpàdé fi tú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. N kò tilẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó fọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Mo ti bi ara mi títí. Kì í ṣe pé mo kórìíra Àjọkẹ́. Àga katakata ló ń jẹ mí nínú. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, Àlàbí ló ń jókòó síbẹ̀. Bí ó bá ń ti abà bọ̀, àwọn èèyàn á máa kí i, "Bàbá ẹ ò kú o!" Wọ́n á máa kí ìyá rẹ̀ kú oríire ọmọ. Délé tó jẹ́ àkọ́bí, tó jẹ́ dáwódù, kò sí ẹni tó ń rántí rẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, inú mi á sì máa ta mí bí ata. Nígbà tí Délé wá ní òun fẹ́ ra tuntun, ohun tí mo rí ni ọmọ tèmi lórí àga, tí gbogbo Ìkirè ń wò ó. N kò ro ti irin, n kò ro ti ìdí, n kò ro ti obìnrin tó kúnlẹ̀ sílẹ̀ yẹn. Ìlara ni mo fi dájọ́, mo wá fi òwe bò ó lójú.

Katakata tuntun dé. Pupa ni, ó ń dán gbinrin, kò tilẹ̀ pariwo tó ti àtijọ́. Délé gba dírẹ́bà kan láti Ìbàdàn, kò pe Àlàbí, ó ní ẹni tó pa èkíní kò ní fọwọ́ kan èkejì. Mo gbọ́, n kò sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ mo mọ ẹni tó ń rán Àlàbí padà láìfún un ní ọ́ìlì. Bàbá Àgbà bèèrè pé kí ni ká ṣe sí èyí tó kú, tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ilé. Àjọkẹ́ ní kí wọ́n fi fún ìdí tòun. Délé ní kí wọ́n máa gbé e lọ, kí ni òun fẹ́ fi òkú irin ṣe? Kò pẹ́ sígbà náà, Àjọkẹ́ wá bá mi ní yàrá, ó ní òun àti Àlàbí fẹ́ padà sílé bàbá òun ní Àpòmù, pé láti ibẹ̀ ni àwọn á ti máa lọ sí oko. Ó ń retí kí n ní kó má lọ. Mo mọ̀ pé ó ń retí rẹ̀, torí ó dúró pẹ́, ó ń tún ẹní mi tẹ́, ẹní tó ti wà ní títẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Kò burú. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín."

Ọjọ́ tí wọ́n lọ, katakata tuntun ló wọ́ ti àtijọ́. Wọ́n fi ṣéènì so wọ́n pọ̀. Àlàbí jókòó lórí èyí tó kú, ó ń darí rẹ̀ kó má baà yà sí kòtò, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń pariwo, wọ́n rò pé eré ni. Àjọkẹ́ ti gbé ẹrù karí kó tó kúnlẹ̀ fún mi, ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gbogbo bẹ́ ẹ ṣe ṣe mí." Mo ní kó dìde, mo ń wo ibòmíràn. Mo tilẹ̀ ń sọ nínú ara mi pé ilé á gba èèyàn wàyí.

Ilé gba èèyàn lóòótọ́! Kòkó ọdún náà yá mi lórí, katakata ọmọ mi ń kó o, mo ń jókòó síwájú nígbà mìíràn, mo ń juwọ́ sí àwọn tó ń rìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó tán, tí Délé padà sí Ìbàdàn, mo wá rí i pé n kò ní ẹni tí mo lè pe orúkọ rẹ̀ láti inú yàrá mi. Mo se ọbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti ń sè é tẹ́lẹ̀, ó ṣẹ́kù, mo dà á nù. Bí inú bá bí mi, n kò rí ẹni tí mo lè fi í hàn. Àwọn tó ń ti ọjà Àpòmù bọ̀ máa ń bá mi mú ìkíni Àjọkẹ́ wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ní ká kí Ìyáálé òun." Nígbà tó yá, ó di, "Ó ní ká kí Ìyá Délé," gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń kí ará àdúgbò. Mo bínú sí i. Mo ní ṣé ó ti gbàgbé ẹni tó fẹ́ ẹ ni? N kò bi ara mi pé ta ló kọ́kọ́ gbàgbé.

Kòkó ọdún tó tẹ̀ lé e ló wá ṣí mi lójú. Ó jáde púpọ̀, òjò sì ń rọ̀ lọ́nà tí kò yẹ. Mo kó àpò jọ sábà, mo ń retí katakata, n kò rí i. Mo ránṣẹ́ sí Délé. Ìgbà tó wá, ó ní òun ti fi katakata ránṣẹ́ sí ìhà Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń ṣí igbó tuntun fún kòkó, pé owó wà níbẹ̀ ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Mo ní, "Délé, kòkó wa ńkọ́? Òjò ti ń wọlé bá a." Ó ní, "Ìyá mi, mo ti gbaṣẹ́ lọ́hùn-ún, mi ò lè dá a dúró. Ẹ wá alárù." Mo ní kòkó bàbá rẹ̀ ni o. Ó ní, "Mo mọ̀. Kòkó jẹ́ ti ìdí wa. Àmọ́ katakata jẹ́ tèmi, Ìyá. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé tẹni ni tẹni." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó rọra sọ ọ́, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi bó ti ń sọ ọ́, ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Wọ́n máa ń ní pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Nílé tèmi, ìyàwó ni wọ́n kọ́kọ́ nà, pàṣán ọ̀hún wá já bọ́ láti àjà lé ìyáálé lórí. Nígbà tí katakata ọkọ mi wà, bó ti wù kó gbó tó, kò sí ẹni tó lè sọ pé kò kàn mí. Orúkọ mi wà lórí ìdí kan nínú rẹ̀. Bí Délé bá fẹ́ gbé e lọ sí Oǹdó nígbà náà, Àjọkẹ́ á ké, Àlàbí á ké, Bàbá Àgbà á pe ìpàdé. Àwọn tó lè bá mi ké ni mo fi ẹnu ara mi lé jáde.

N kò rí alárù tó pọ̀ tó, nítorí gbogbo èèyàn ló ń kó kòkó tirẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ru tèmi. Mo bu kòkó sí agbọ̀n, mo gbé e karí, èmi tí mo ti fi irú rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tí Délé ṣì ń rá, mo tẹ̀ lé àwọn alárù nínú ẹrẹ̀ títí dé Àpòmù. Kí a tó padà ru èyí tó kù lábà dé, ó ti bu. Àwọn tó ń yẹ kòkó wò gún àpò, wọ́n wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo jókòó sórí àpò kòkó bíbu náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níta gbangba, ojú kò tì mí. Kì í ṣe kòkó ni mo ń sunkún. Mo rántí pé bí Àjọkẹ́ bá wà lẹ́yìn mi lójú ọ̀nà ọjọ́ yẹn, kò ní jẹ́ kí agbọ̀n yẹn pẹ́ lórí mi.

Mo wá pinnu. Mo lọ bá Bàbá Àgbà, mo ní mo fẹ́ fi èyí tí mo rí nínú kòkó tún katakata ọkọ mi ṣe, kó sì padà di ti ìdí méjèèjì. Ó wò mí títí, ó ní bí ìdí kejì bá gbà, òun kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Mo gbọ̀nà Àpòmù. Mo ti rò ó lójú ọ̀nà pé màá kúnlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyáálé kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó, ayé kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní màá ṣe é.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá a, ó ń jọ eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, apá rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ti rù díẹ̀. Kí n tó tẹ orúnkún, ó ti wà nílẹ̀. "Ìyá wa, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ọ̀nà." Mo ní kó dìde, ó dìde. Mo tún fẹ́ kúnlẹ̀, ó tún ti kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ má jẹ́ káyé bú mi." Ó gbé àpótí wá, ó nù ún, ó bu omi tútù fún mi, ó lọ gúnyán. Bí mo bá ti la ẹnu, á ní, "Ẹ jẹun ná." Nígbà tí mo jẹun tán, mo ní, "Àjọkẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn..." Ó ní, "Ọ̀rọ̀ wo, Ìyá? Kò sí ọ̀rọ̀ kankan o. Ṣé Délé wà dáadáa?" Kò fi ìbínú kankan hàn. Ojú rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ tutù, gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ ìyáálé ló ṣe fún mi, kò dín ẹyọ kan. Ó kàn fi ọ̀wọ̀ náà ti ilẹ̀kùn mọ́ mi ni.

Mo wá bi í nípa katakata. Mo sọ gbogbo ohun tí mo bá wá. Ó ń fi ìka fa eérú kúrò láàárín èékánná rẹ̀. Ó ní Àlàbí gbìyànjú lórí rẹ̀ títí, ọwọ́ rẹ̀ kò ká a, ó ti bá àwọn agégẹdú lọ sí ìhà Ìjẹ̀bú, ó ń bá wọn wa ọkọ̀. Ó ní irin náà, àwọn alágbẹ̀dẹ ti gé e kó lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti fi rọ àdá. "Ẹ má rò ó mọ́, Ìyá wa. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí." Ó sìn mí dé ojú títì, ó dá ọkọ̀ dúró fún mi, ó sì kúnlẹ̀ nínú eruku níbẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbéra.

Ìbá ṣe pé ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi. Ẹni tó ń bínú síni, a lè pàrọwà fún un. Ẹni tó bá ń jà, ó ṣì ń bá ọ gbé ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé tí ohun kan ṣoṣo so pọ̀, ì báà jẹ́ katakata, ì báà jẹ́ kànga, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, bó bá bà jẹ́, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè èyí tó sàn nínú kí ẹ tún un ṣe àti kí ẹ ra òmíràn. Ẹ bèèrè ẹni tó máa jáde nílé bí ẹ bá rà á. Èmi kò bèèrè. Mo ti bi àwọn ẹgbẹ́ mi ní Ìkirè pé kí ni kí n ṣe, àwọn kan ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé ìyáálé ni mí, pé mo ti ṣe ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá Àgbà ní òun kò lè fi agbára mú ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọjọ́ ọjà Àpòmù tún ń bọ̀, mo sì fẹ́ padà lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ kọ́ mi: báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ ẹni tí kò jẹ́ kí a kúnlẹ̀ fún òun?